Ẹnu Láyọ̀mi

Rasheedah gbé fóònù sétí, Kòfowórọlá sì tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ètè ọmọbìnrin náà ṣí díẹ̀, ó pa dé, ó tún ṣí. "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyẹn yé Kòfowórọlá, ètè gbogbo èèyàn ní Àgbàdo ló máa ń rí bákan náà bí wọ́n bá ń kíni láàárọ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni kò rí kà, nítorí ọkùnrin kan ti na káàdì báńkì sí Rasheedah lójú, Rasheedah sì ti yíjú sí i láti bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù.

Lábẹ́ agbòòrùn ńlá kan tí oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà, nítòsí ojú irin, ni Rasheedah ti máa ń bá àwọn èèyàn gba owó jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ POS. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, híjáàbù dúdú kì í kúrò lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í yára bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí tí Kòfowórọlá fi yàn án nìyẹn. Nínú gbogbo ẹni tó mọ̀ ní àdúgbò náà, Rasheedah nìkan ni kì í la ẹnu gbàgà sí i bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù gbà pé bí àwọn bá ṣáà la ẹnu tó, etí tó ti kú yóò jí.

Ibà ló gba etí Kòfowórọlá nígbà tó wà ní kékeré. Kò rántí ohùn kankan, ti ìyá rẹ̀ pàápàá. Iléèwé àwọn adití ló ti kọ́ ìwé àti èdè ọwọ́, ibẹ̀ náà ni olùkọ́ kan ti kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ó sì ti dá a lójú láti ọjọ́ náà pé adití ló kọ́kọ́ pa òwe yẹn. Súwẹ́tà ló ń hun fún àwọn ọmọ iléèwé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó gbé sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà òtútù, àwọn iléèwé mẹ́rin ló máa ń wá a wá.

Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan, kò fi bẹ́ẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́. Bí ó bá na apá òsì, ìrora á gbéra láti abẹ́ apá, á sì lọ dé ẹ̀yìn.

Ara ògiri ilé ìwòsàn ló ti rí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè yìí. Bébà ńlá kan ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, àwòrán obìnrin kan tó gbé fóònù sétí tó ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà: Ṣé ìṣòro dé bá ọ? Ṣé o kò mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà? Pè wá, a ó júwe rẹ̀ fún ọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ti tọ́jú nọ́ńbà náà sínú fóònù rẹ̀, kò sì lò ó. Òun àti ìpè kò ní nǹkan kan í ṣe pọ̀. Àfi ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé lánàá. Ògúnkànmí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà, búlọ́ọ̀kù ló ń mọ tà ní Ìbàfò.

"Mo ti rí ohun tí o kọ pé dókítà sọ," ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Má da ara rẹ láàmú nítorí Láyọ̀mi. Ìyàwó mi ti bá a rí ilé dáadáa kan ní Lẹ́kí, olówó ni wọ́n, wọ́n á máa rán an lọ síléèwé. Mò ń bọ̀ wá mú un ní Sátidé, kí ara rẹ̀ lè ti mọ́lé kí nǹkan tó dé."

Kí nǹkan tó dé. Kòfowórọlá ka ibẹ̀ títí. Ikú òun ni nǹkan náà.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ògúnkànmí mú Mọ́láyọ̀ lọ lọ́jọ́sí, ọmọ tí àbúrò wọn obìnrin bí kó tó kú. Wọ́n ní wọ́n á rán òun náà lọ síléèwé. Nígbà tí ọmọ náà máa padà wálé, ó ti ń di ọmọge, àpá omi gbígbóná wà láti èjìká rẹ̀ dé ìgúnpá, kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀ í kọ mọ́. Kòfowórọlá tọ́ka sí àpá náà, ó fi ojú bi í léèrè. Mọ́láyọ̀ kàn fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀.

Bí Láyọ̀mi bá ní bàbá tó wà nítòsí ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Akínọlá, bàbá rẹ̀, ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà nígbà tí ọmọ náà ṣì ń kọ́ ìrìn, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Kòfowórọlá lè kọ̀, lóòótọ́. Ó lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ní Sátidé kó ní rárá. Ṣùgbọ́n Ògúnkànmí kò kọ́ èdè ọwọ́ rí. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, á di ọwọ́ náà mú, á máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń tu ọmọ ọwọ́ nínú. Àti pé rárá ti òní kò wúlò fún ọ̀la. Bí kò bá sí òun mọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Ìdí nìyẹn tó fi tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tó sì gbé e wá fún Rasheedah kà:

"Orúkọ mi ni Kòfowórọlá. Adití ni mí. Jẹjẹrẹ wà lọ́yàn mi, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní òògùn kò lè mú un kúrò mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá. N kò fẹ́ kí wọ́n mú un ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ta ni mo lè fà á lé lọ́wọ́?"

Nígbà tí Rasheedah kà á tán, kò mọ ibi tó máa gbé ojú rẹ̀ sí. Ó gbé e sára ẹ̀rọ POS, ó gbé e sára ojú irin. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù tirẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà náà.

Ní báyìí ó ti ń ka ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, díẹ̀díẹ̀. Kòfowórọlá rí "jẹjẹrẹ" bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó na káàdì náà gbọ́ ọ, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Rasheedah ń gbọ́. Ó mi orí. "Rárá, mà, èmi kì í ṣe ọmọ wọn. Aládùúgbò ni mí." Ó tún gbọ́. "Mo ti sọ fún yín pé wọn kì í gbọ́ràn." Ó bo ẹnu fóònù, ó sì kọjú sí Kòfowórọlá, ó rọra ń sọ ọ́ kí ètè rẹ̀ lè ṣe é kà.

"Àǹtí Kòfó, wọ́n ní ẹ̀yin gan-an ni àwọn máa bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni, àwọn ò lè gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí ẹ ṣáà sọ pé ẹ fọwọ́ sí i, kí àwọn gbọ́ ohùn yín."

Kòfowórọlá fi ìka kan etí rẹ̀, ó fi kan ọ̀fun rẹ̀, ó mi orí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ gbìyànjú."

Fóònù náà gbóná nígbà tí Rasheedah gbé e sí i lẹ́nu. Ó la ẹnu. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti gbé ohùn jáde kẹ́yìn níta gbangba, nítorí ó ti rí ohun tí ojú àwọn èèyàn máa ń ṣe bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ó tì í jáde báyìí. Mo gbà. Mo gbà. Ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń dùn ún. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì yíjú. Ọmọdé kan fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Rasheedah gba fóònù padà, ó gbé e sétí. "Ẹ ń gbọ́, mà? Ẹ ń gbọ́?" Ó mú un kúrò létí, ó wo ojú fóònù náà. Ó mú fóònù Kòfowórọlá, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú síbẹ̀, bóyá nítorí pé kò fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́: Wọ́n rò pé à ń fi àwọn ṣeré ni. Wọ́n ti gé ìpè náà.

Rasheedah kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ó ń pè. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan gbé e. Òun kò béèrè ohùn ẹnikẹ́ni. Ó kàn ka nọ́ńbà ọ́fíìsì kan ní Ìfọ̀ fún un, níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ó sì dágbére. Rasheedah pe ìyẹn náà. Wọ́n ti pa fóònù náà.

"Ẹ lọ bá wọn níbẹ̀, Àǹtí," Rasheedah wí. "Bóyá bí wọ́n bá fi ojú rí yín, wọ́n á dá yín lóhùn."

Kí ó tó lọ, Kòfowórọlá mú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Kò retí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tó ń ti ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Sáńgò, ó wọ ọkọ̀ Ìfọ̀ níbẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má baà kan apá òsì rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo kòtò tó wà lójú títì ló ń fọwọ́ kàn án. Ó ń ro àwọn tó mọ èdè ọwọ́ tó sì ń gbọ́ràn, tó lè bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe iléèwé, adití ni gbogbo wọn. Pásítọ̀ kan wà ní Mówè tó máa ń túmọ̀ ìwàásù fún àwọn adití, ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Kánádà. Bí ó ti wù kó rò ó tó, ẹnìkan ṣoṣo ló kù, ẹni yẹn ni kò sì fẹ́ lò.

Ó wá ọ́fíìsì náà rí, lẹ́yìn tó ti fi fóònù han ẹni mẹ́ta lójú ọ̀nà. Obìnrin àgbàlagbà kan ló bá níbẹ̀, onígíláàsì, tó ń jẹ ẹ̀pà lórí tábìlì. Kòfowórọlá kúnlẹ̀ kí i, ó sì na fóònù sí i. Obìnrin náà ka ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ Ògúnkànmí pẹ̀lú. Ó dìde, ó fa àga fún un fúnra rẹ̀, ó gbé omi inú ọ̀rá wá. Inú rẹ̀ dára. Kòfowórọlá rí i. Ìyẹn gan-an ló wá mú kí ohun tó tẹ̀ sórí fóònù náà ṣòro láti bínú sí.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, ìyá Láyọ̀mi. Àmọ́ ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni láyé ni wọ́n fún wa láṣẹ láti gbà. Ẹ wà láàyè, ẹ sì ní ẹ̀gbọ́n."

Kòfowórọlá tẹ èsì: "Bí mo bá ti kú ńkọ́?"

Obìnrin náà mú ìgò ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó dá a padà. Ó tẹ ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ló máa ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ nígbà náà. Òfin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Wọ́n mọ àwọn ilé ọmọ aládàáni ju àwa lọ."

Nọ́ńbà tó kọ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó wà lára ògiri ilé ìwòsàn ni.

Kòfowórọlá kò sọ fún un. Kí ló fẹ́ jẹ́ àǹfààní rẹ̀? Obìnrin náà ti dìde láti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbé ọwọ́ lé e léjìká, èjìká ọ̀tún, bí ẹni tó mọ èyí tó ń dùn ún. Kòfowórọlá tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde sínú oòrùn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, ìyá kan pọn ọmọ, kò sì tú u sílẹ̀ nígbà tó jókòó, ọmọ náà wá ń wo Kòfowórọlá láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bí ẹni tó wà lójú fèrèsé. Wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dégbò ẹ̀yìn. Nígbà tí Kòfowórọlá wà léwe, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí egbò rárá. Láyọ̀mi ti ga ju ohun tí wọ́n lè pọ̀n lọ. Síbẹ̀ ó ń ro ẹ̀yìn ọmọ náà, egungun kéékèèké tó tò síbẹ̀, ibi tí òun máa ń fi kànrìnkàn fọ̀ fún un ní àárọ̀ Sọ́ńdè nítorí pé ọwọ́ ọmọ náà kò lè dé e.

Nígbà tó dé ilé, Láyọ̀mi ti dé láti iléèwé. Ó ti fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ti sá a sórí okùn, ó sì ti bu gààrí sínú abọ́ méjì, ó ń retí rẹ̀.

Jésùlayọ̀mi ni wọ́n sọ ọ́ ní kíkún. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó di etí ìyá rẹ̀. Òun ló ń bá onílé sọ̀rọ̀, òun ló ń bá àwọn tó ń ta òwú ná ọjà, tí àwọn oníbàárà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan súwẹ́tà lábùkù, òun náà ló ń gbèjà ìyá rẹ̀. Òun ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ olùkọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí. Olùkọ́ náà ní ẹnu ọmọ yìí pọ̀ jù ní kíláàsì. Láyọ̀mi fi ọwọ́ sọ pé olùkọ́ ní òun ń gbìyànjú. Kòfowórọlá ti ka ètè olùkọ́, ó rẹ́rìn-ín délé. Nínú èdè ọwọ́ kò sí ẹ, kò sí o. Ìyá àti ọmọ, bákan náà ni wọ́n ń pe ara wọn, èyí sì ti jẹ́ kí àwọn méjèèjì dà bí ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pinnu pé kò ní gba ẹnu ọmọ yẹn kọjá láéláé.

"Ibo lo lọ?" Láyọ̀mi fi ọwọ́ bi í.

"Mo lọ ra òwú."

Láyọ̀mi wo ọwọ́ rẹ̀ òfìfo.  Ó da omi sí gààrí.

Wọn kò tíì jẹun dé ìdajì nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ẹní. Kòfowórọlá rò pé àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Ó wò ó. Ìpè ni, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ náà ló sì wà lójú rẹ̀.

Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ti mú ìwé náà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó gbé fóònù náà, ó di í mú. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n mú. Ó wo ìta. Rasheedah wà lódìkejì ojú irin, kì í sì í pẹ́ kó tó ká agbòòrùn rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Fóònù náà dákẹ́. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Kí Kòfowórọlá tó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ta ni?" Láyọ̀mi bi í. Ó ti fi síbí sílẹ̀.

 Bí ìpè yìí bá tún já, bóyá wọn kò ní pè mọ́. Lọ́la ni Fúráìdè, ọ̀túnla ni Sátidé. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo fóònù, ó sì na fóònù náà sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ tú sílẹ̀. Láyọ̀mi ló rọra yọ ọ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹni tó wà lórí fóònù jókòó síwájú rẹ̀. "Ẹ káàsán, mà." Ó gbọ́. "Jésùlayọ̀mi ni. Ọmọ wọn ni mí." Ó fi èjìká di fóònù mọ́ etí kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, ó sì ń fi ọwọ́ sọ fún ìyá rẹ̀: "Ó ní Fisáyọ̀ lorúkọ òun. Ó ní òun rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Ó ń béèrè bóyá àgbàlagbà kan wà nílé tó lè gba fóònù." Kò dúró de èsì. Ó dáhùn fúnra rẹ̀: "Kò sí, mà. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbọ́."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ó ní kí ni o fẹ́ kí àwọn ṣe?"

Kòfowórọlá gbé ọwọ́ sókè. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó mọ́, tó ṣe é gbé fún ọmọdé, bí èèyàn ṣe ń wá ibi tí kò gbóná lára ìkòkò. "Sọ fún un pé mo fẹ́ rìnrìn àjò," ó fi ọwọ́ sọ. "Ìrìn àjò tó jìn. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo lè fi ọ́ sí títí màá fi dé. Níbi tí wọn kò ní fi ọ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀."

Láyọ̀mi wo ọwọ́ náà títí tó fi dúró. Nígbà tó la ẹnu, ó la á díẹ̀díẹ̀, kò sì yíjú kúrò. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ kí ìyá òun rí gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì mi ní àwọn fẹ́ rìnrìn àjò, mà. Kì í ṣe ìrìn àjò. Wọ́n máa kú ni."

Kòfowórọlá rí i. Ó rí i kedere. Ọmọ Yorùbá kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá tó bí i. Ó na ọwọ́ láti bo ẹnu náà, ọwọ́ sì dúró lójú ọ̀nà.

"Rárá, mà, kì í ṣe Mọ́mì mi ló sọ fún mi," Láyọ̀mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ti mọ̀. Ẹ máa bá mi sọ ọ́, mi ò ní sunkún."

Ó tún fi èjìká di fóònù mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń kánjú báyìí. "Dókítà sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ. Ó sọ ọ́ fún èmi, ó ní kí n sọ fún ọ. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

Ọjọ́ náà padà wá bá Kòfowórọlá. Dókítà ọkùnrin kan, onírùngbọ̀n, tí ètè rẹ̀ kò ṣe é kà. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Láyọ̀mi tó jókòó láàárín wọn sì fi ọwọ́ kúkúrú méjì sọ pé kó máa lo òògùn, kó máa sinmi. Ó ti yà á lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ di kékeré tó bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà ilé, ọmọ náà ní orí ń fọ́ òun. Ìgbà tí Kòfowórọlá dá lọ ni nọ́ọ̀sì kan tó kọ òótọ́ fún un, ó sì ti délé pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ọmọ má baà fura. Àwọn méjèèjì ti wá ń gbé yàrá kan, wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò kan, wọ́n ń fi ohun kan náà pamọ́ fún ara wọn.

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀, mà?" Láyọ̀mi bi fóònù. Ó fi ọwọ́ sọ: "Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ń sunkún."

Nígbà tí Fisáyọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Láyọ̀mi ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò sì dín in kù mọ́. Ilé ọmọ kan wà ní Mówè, ó ti kún. Òmíràn wà ní apá Asésé, ilé dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí mọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

"Ẹbí wo?" Kòfowórọlá bi í, bó tilẹ̀ mọ̀.

"Ó ní ẹni tó bá sún mọ́ wa jù. Bọ̀dá Ògúnkànmí nìyẹn."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ ọ́," Láyọ̀mi ń fi ọwọ́ wí. "Bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó ní wọn kì í tètè dáhùn. Òun á pè wá ní Mọ́ńdè."

Sátidé ṣáájú Mọ́ńdè. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n Kòfowórọlá ti ránṣẹ́ sí fóònù yìí, Láyọ̀mi sì mọ fóònù náà ju ẹni tó ni ín lọ. Ìyá kò gbé ọwọ́ sókè, ọmọ náà kò gbé tirẹ̀ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," Láyọ̀mi sọ sínú fóònù, "kó jẹ́ lẹ́yìn tí iléèwé bá parí. Bí mi ò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó máa gbé e."

Kòfowórọlá rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń béèrè nǹkan.

"Ilé ti Asésé yẹn, mà, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ síléèwé?" Ó gbọ́. "Ìwé mi kò burú. Ipò kẹta ni mo wà." Ó gbọ́. "Mo lè hun súwẹ́tà, apá rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣé wọ́n máa gbà kí n mú ẹ̀rọ wa dání?"

Bí àgbàlagbà tó ń wá iṣẹ́. Kòfowórọlá kò lè wo ẹnu náà mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo tó lè ṣe nípa rẹ̀ ni pé kó kúrò níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i, ó sì ṣe é. Ó dìde, ìrora dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ọmọ náà lórí ẹní, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, sáàárín egungun èjìká méjèèjì.

Ohùn wà níbẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan án rí nígbà tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ó ń gba inú egungun wá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń dúró bí ẹnì kejì bá ń sọ̀rọ̀, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tí kò rí ọmọ yìí rí ló ń gbọ́ ọ.

Kòfowórọlá ń retí kí ó gbọ̀n. Bí ó bá gbọ̀n, òun á mọ̀, òun á gba fóònù náà, òun á di ọmọ òun mọ́ra, ọ̀rọ̀ á sì tán fún òní. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn sí i, ó dúró.

Kò gbọ̀n. Ó ń lọ déédéé, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ohun tí èèyàn ti dá kà títí, tó ti há a sórí, tó kàn ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa bi í léèrè.